Irin Tó Ń Fà Nínú Iná

Ojo kejila, osu keji

Baba mi owon,

E ku ojo meta, sa. E ku itoju ile, e ku itoju ara yin. Mo mo pe mo ti pe ki n to kowe, e ma binu. Yara ti mo n gbe dara, ferese re wo oju ona ti awon oko eru n gba koja, ariwo won ko si je ki n sun ju bo se ye lo.

Oro kan wa ti mo fe ki e gbo lenu emi funra mi. Irin mi ko dara. O ti to osu meta to ti n fa. Ti eniyan ba kan wo o loju lasan, ko ni mo. Nigba ti ara ba tutu, ko si ohun to se e. Sugbon ti ara ba ti gbona, ti eru si wa lori, fifa ni. Ojoojumo ni won n wo o ninu yara ayewo. Oga mi, eyi ti a n pe ni Onigilaasi, ni ki n ma so fun enikeni, pe boya yoo tun ara re se. Ti ko ba ti duro titi di osu kefa, won le ni ki n maa pada bo nile.

E ma ko okan soke. Mo kan fe ki e mo ni. Mi o fi foonu pe yin nitori e mo bi awa mejeeji se maa n se lori foonu. Gbolohun meta, ija ti de.

E ba mi ki Anti.

Omo yin,
Onibeere

Leyin oro: Ero ibi ise ni mo fi te eleyii. Ko ni ami ohun. E fara da a.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Oníbéèrè, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Lórí ìdúró ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo fi dé ìdajì, mo ti ń fi ọwọ́ wá àga.

Ìrìn rẹ bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta, o kò sì sọ fún mi? Ẹsẹ̀ òsì ni, àbí? Má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Mo mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́, mo sì mọ ẹni tó bà á jẹ́.

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ọmọ kékeré ni ọ́ nígbà tí mo mú ọ lọ sí ilé ìyọ́rin lọ́jọ́ ìsinmi, torí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí bí ọmọ mi ṣe gbọ́n tó. Mò ń fọ́nnu. Mo kọjú sí wọn, mo kẹ̀yìn sí ọ. Abala irin kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ìléru wà nílẹ̀. Pípọ́n rẹ̀ ti lọ, ó ti dúdú. Kò sí ẹni tó sọ fún ọ pé irin tó ti dúdú kì í ṣe irin tó ti tutù. Èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Nígbà tí o fi bàtà rọ́bà rẹ tẹ̀ ẹ́, tí o figbe ta, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi níwájú gbogbo wọn ni pé, "Ọmọ yìí kì í wo ilẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ láti ìgbà náà, ní ibi ìpàdé, ní ibi àríyá, bí àwàdà. Ìwọ náà á máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, èmi ni kò wo ilẹ̀.

Àǹtí rẹ wọlé bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Oníbéèrè ni kò lè rìn dáadáa mọ́."

Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Wọ́n ń wò ó ní yàrá àyẹ̀wò lójoojúmọ́, wọ́n sì ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Irú ilé ìwòsàn wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni."

"Ibi iṣẹ́ wo ló ń yẹ ẹsẹ̀ wò?"

Àǹtí rẹ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nítorí rẹ báyìí, ó sì ń fi ebi náà kanra mọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wa ní kí o máa ki ẹsẹ̀ náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o sì jìnnà sí ẹrù. Ọ̀rọ̀ ẹrù yìí gan-an ló ká mi lára jù. O ní bí ara bá ti gbóná tí ẹrù sì wà lórí, fífà ni. Ta ló ń gbé ẹrù lé ọ lórí? Ṣé alábàárù ni wọ́n wá fi ọ́ ṣe lẹ́yìn gbogbo ìwé tí o kà?

Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, máa bọ̀. Mo ti kó àwọn àpótí ìwé mi kúrò ní yàrá rẹ, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí fèrèsé kí òórùn eruku lè jáde.

Mo rí àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ yín lókè ìwé tí o fi tẹ lẹ́tà. Mo ti kọ̀wé sí Ọ̀gá Àgbà yín lédè Gẹ̀ẹ́sì. Má fòyà, ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi kọ ọ́. Mo ní ẹnìkan tí ẹ ń pè ní Onígíláàsì ń fipá mú ọmọ mi pa àìsàn mọ́ra, mo sì ní kò sí òfin ayé kan tó ní kí wọ́n lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ìrìn rẹ̀ ń fà.

Baba rẹ tí kò wo ilẹ̀.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, sà. Ọwọ́ ni mo fi kọ èyí, gbogbo àmì rẹ̀ ló sì pé sórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Irin ni mo kọ. Irin! Re-re ni mo kọ, dò-dò lẹ kà. Ẹsẹ̀ mi kò ṣe nǹkan kan. Àárọ̀ yìí ni mo gun àtẹ̀gùn ilé wa láti ìsàlẹ̀ dókè láìmí gúlegúle. Ẹ sọ fún Àǹtí kí wọ́n jẹun.

Ṣebí ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí. Irin àdàlù tí kì í bẹ̀rù iná là ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ fi ṣe tíréè tó ń gbé ẹrù wọ inú ìléru, tó ń gbé e jáde, tó tún ń gbé òmíràn wọlé, ọdún dé ọdún, láìtẹ̀. A fi kírómíọ̀mù àti níkẹ́ẹ̀lì lú irin, a yọ́ wọn pọ̀, a dà á. Ní tútù, kò sí irin tó le tó o. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé e kọ́ sínú ìléru ìdánwò, tí a so ẹrù mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń gùn sí i, bí ẹni tó ń nara lẹ́yìn oorun. Kò já, kò sán, ó kàn ń fà. Tíréè tó bá ń fà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà, ọjọ́ kan ni yóò da ẹrù gbígbóná lé ẹni tó ń ṣọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ ìdí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í fi jẹ́ kí n sùn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí lẹ́tà yín ṣe.

Ọ̀gá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́tà yín wà ní ṣíṣí lórí tábìlì rẹ̀. Onígíláàsì, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa, wà níbẹ̀, ó ń nu awò ojú rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ní, "Jọ̀ọ́, rìn dé ibi fèrèsé yẹn, kí o rìn padà."

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí bàbá rẹ fi ní mò ń lé ọ torí ẹsẹ̀?"

Bàbá, bí ilẹ̀ bá lanu, mo máa kó sí i. Mo ṣàlàyé fún un pé ní èdè wa, ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra bí ìbejì, ohùn nìkan la fi ń dá wọn mọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó ní, "Ó dáa, irin lo ní lọ́kàn, kì í ṣe ẹsẹ̀. Irin wo ló wá ń fà?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín tán. Onígíláàsì dáwọ́ awò nínù dúró. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ti ṣèlérí irin yẹn fún àwọn oníbàárà, ó ti dá oṣù fún wọn, ó sì ti sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé kò sí wàhálà. Mo lè ní irin àtijọ́ kan ni. Mo lè ní bàbá mi ti darúgbó, wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yé dáadáa. Ó wù mí kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ òótọ́.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti dá iṣẹ́ irin náà dúró. Wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, mò ń to ègé irin sórí pẹpẹ títí ìpàdé àwọn ọ̀gá yóò fi wáyé. Onígíláàsì kì í dáhùn bí mo bá kí i. Àwọn kan ní òun ló jẹ̀bi, àwọn kan ní èmi ni, pé mo mọ̀ fún oṣù mẹ́ta mo sì dákẹ́. Bí ìpàdé bá dá mi lẹ́bi, yàrá tí ẹ tọ́jú yẹn á wúlò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni níbí mọ́. Àní, ẹ má kọ ọ́ sí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà pàápàá. Ẹ kì í béèrè kí ẹ tó ṣe nǹkan, Bàbá. Láti kékeré lẹ ti ń pè mí ní Oníbéèrè. Ẹ ò ṣe yá díẹ̀ lò nínú ìbéèrè mi?

Ní ti ọ̀rọ̀ ilé ìyọ́rin tí ẹ kọ, mo kà á. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa sọ sí i. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo jókòó kí n tó kà á, bí o ṣe wí. Àǹtí rẹ ló wà lórí ìdúró. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lé gíláàsì ìkàwé mi. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ bu oúnjẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta sí abọ́ kan ṣoṣo.

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí ọkùnrin tó kàwé tó bí èmi, tó jẹ́ alábòójútó níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin títí irun orí rẹ̀ fi funfun, tí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ irin kọ "irin" ránṣẹ́ sí, tó wá kà á sí ẹsẹ̀! Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ṣùgbọ́n ejò tèmi, èmi fúnra mi ni mo sìn ín dàgbà.

Mo tọrọ àforíjì. Mi ò ní tọ́ ọ sọ́nà lórí irin náà, torí irin tí àwa mọ̀ nígbà tiwa kì í ṣe irú èyí. Tiwa, bó bá tẹ̀, a ó tún un yọ́, a ó bú ẹni tó dà á, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo kàn fẹ́ sọ ohun kan. O sọ òótọ́ lójú ọ̀gá méjì tí wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Èmi kò lè sọ ọ́ lójú òṣìṣẹ́ mélòó kan tí èmi gan-an jẹ́ ọ̀gá wọn. Mi ò mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Kì í ṣe lọ́dọ̀ mi.

Má kánjú dá mi lóhùn. Nígbà tí ọkàn rẹ bá balẹ̀.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Oníbéèrè,

Kò sí lẹ́tà. Lóòótọ́, èmi ni mo ní kí o má kánjú, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé o máa ń gbọ́ràn tó báyìí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ bá àwọn méjì tó kù nínú àwa ará ilé ìyọ́rin. Wàá rántí wọn: Afọnná, ẹni tó ń ṣọ́ ìléru, àti Gígùn, tó máa ń gbé ọ sí èjìká kí o lè fọwọ́ kan àjà. Lábẹ́ ìbòòji ilé Gígùn ni mo bá wọn, wọ́n ń ta lúdò. Mi ò jókòó. Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ ọmọ mi tó tẹ irin gbóná, tí mo máa ń sọ pé kì í wo ilẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa. Èmi ni mo mú un débẹ̀, èmi ni mi ò ṣọ́ ọ."

Gígùn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "A mọ̀, Ọ̀gá."

Mo ní, "Ẹ mọ̀ báwo?"

Afọnná ní, "Ṣebí a wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ni yín nígbà yẹn, kí lẹ fẹ́ ká wí? Gígùn, dá ọmọ ayò mi padà síbi tó wà, mo rí ọ."

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo wá láti ọ̀nà jíjìn, tí onílé sọ fún un pé òun ti ní irú rẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mò ń bò láti ọjọ́ yìí wá, èmi nìkan ni mò ń bò ó fún. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó, wọ́n sì jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kẹfà wọlé lọ́la. Ṣé o rántí ohun tí o kọ nípa rẹ̀? Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tí mi ò lè sọ fún Àǹtí rẹ. Láràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà pé kí irin rẹ dúró. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí mo lọ ti fèrèsé yàrá rẹ, tí mo rí bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́, nǹkan mìíràn ló ń fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Bí irin náà bá dúró, o kò ní wálé. Bó bá fà, ò ń bọ̀. Ìwọ náà wo irú baba tí Ọlọ́run yàn fún ọ.

Mo ti bẹ Ọlọ́run kó gba ti àárọ̀.

Baba rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra. Lẹ́tà yín méjèèjì dé. Mi ò bínú. Mi ò fẹ́ kọ̀wé tó kún fún "bóyá" ni.

Ìpàdé ti wáyé. Èmi àti Onígíláàsì jókòó síwájú àwọn ọ̀gá bí ọmọ ilé ìwé tó fọ́ wíńdò. Kí wọ́n tó bi mí léèrè ohunkóhun, Onígíláàsì dìde. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó dákẹ́. Mo rò pé a máa rí ojútùú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀." Ó tún jókòó, ó sì wọ awò rẹ̀ sójú. Bàbá, mo ti múra gbogbo èébú tí mo fẹ́ bú u sílẹ̀, mi ò rí ibi kankan lò ó.

Ọ̀gá Àgbà kò lé ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Onígíláàsì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn oníbàárà pé irin kò tíì ṣe é tà. Ìyẹn nìkan tó ìyà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń pè wọ́n. Gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ ló tutù fún òógùn. Ẹnì kan nínú wọn bú u. Àwọn yòókù dúpẹ́.

Wọ́n wá dá èmi àti òun padà sẹ́nu iṣẹ́, inú yàrá kan náà, ìléru kan náà. Ọjọ́ kìíní a kò bára wa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì a jà. Inú ìjà yẹn la ti rí i.

Ṣé ẹ mọ̀ pé hóróhóró ni inú irin, bí iyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò lè rí i? Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo agbára wa la fi ń rí i pé hóró náà wà ní kéékèèké, torí ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa ni pé hóró kéékèèké ló ń mú irin le. Onígíláàsì ń pariwo mọ́ mi pé hóró irin òun ò lè kéré ju báyìí lọ mọ́. Mo pariwo padà pé, "Ta ló ní kó kéré?" Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn gún un lára ni. Àwa méjèèjì bá fi ìjà sílẹ̀, a mú bírò.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nìyẹn. Ẹ wo ògiri tí wọ́n fi bíríkì kéékèèké mọ: oríkèé rẹ̀ pọ̀. Nínú iná, oríkèé wọ̀nyẹn, ibi tí hóró kan ti pàdé èkejì, ni irin ti ń yọ̀. Bí hóró bá ṣe kéré tó ni oríkèé ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni fífà ṣe ń pọ̀ tó. Àwa ń ṣe irin tó dára ní tútù, a sì fẹ́ kó lọ gbé inú iná. A yí ọ̀nà tí a ń gbà sè é padà: a jẹ́ kó pẹ́ nínú ooru kí hóró rẹ̀ lè tóbi, a sì fi èròjà díẹ̀ kan kún un tó ń di oríkèé rẹ̀ mú. Kì í ṣe pé ó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní tútù, ti tẹ́lẹ̀ gan-an le jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èyí ń dúró nínú iná.

A ti gbé e kọ́ tipẹ́. Ó ń fà, gbogbo irin ló ń fà, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé mo ní láti nu awò ìwọ̀n kí n tó rí i. Lọ́sẹ̀ tó lọ, wọ́n fa tíréè àkọ́kọ́ jáde nínú ìléru oníbàárà kan. Wọ́n gbé rúlà lé e, ó gún régé. Onígíláàsì fẹ́ gbá mi mọ́ra, ó rántí pé a ṣì ń bára wa jà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Bàbá, wọ́n fẹ́ kí n dúró. Wọ́n fẹ́ kí n jẹ́ olórí yàrá ìdánwò, kí n fọwọ́ sí i pé mo gba ọdún márùn-ún. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín. Ẹ má sọ ohun tó yẹ kí baba sọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ó ku ohun tí mo ní kó wà níbẹ̀ ná. Ohun tí mo rántí jù lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Mo rántí pé ẹ gbé mi sáré. Ẹ ò dúró de mọ́tò, ẹ ń sáré láàárín títì, ẹ ń wí pé, "Ó ti tán, ó ti tán," ohùn yín sì ń gbọ̀n. Ẹ kì í fi ìyẹn kún ìtàn náà tí ẹ bá ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwàdà yẹn ń dùn mí, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ ló ń dùn mí. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín nítorí mi ò fẹ́ kí ojú tì yín. Mo dúpẹ́ pé ẹ lọ bá Afọnná àti Gígùn. Ó ti tó. Ẹ má tún bẹ̀ mí mọ́.

Ọmọ yín,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Oníbéèrè, ọmọ mi,

Fọwọ́ sí i.

O ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ kí o wálé. Mo fẹ́ kí a jọ máa jà ní ojúkojú, kí n má máa dúró de ìjà láti ọwọ́ àwọn tó ń pín lẹ́tà. Mo sì tún fẹ́ kí o fọwọ́ sí i. Bí ènìyàn bá fẹ́ ohun méjì, ó yẹ kó lè yan èyí tó máa dun òun. Fọwọ́ sí i, má sì wẹ̀yìn. Àǹtí rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò fara mọ́ ọn, pé márùn-ún ti pọ̀ jù, kí wọ́n ṣe é ní mẹ́ta. Mo ti kọ ọ́. Ó dúró sẹ́yìn mi títí mo fi kọ ọ́ tán.

Mo ka ibi tí o ti kọ nípa sísáré yẹn. Mi ò rántí rẹ̀. Mo jókòó, mo gbìyànjú, n kò rí i nínú orí mi rárá, àfi ariwo rẹ. Nítorí náà, lọ́wọ́ rẹ ni yóò máa wà. Má jẹ́ kó sọnù. Ní ti pé ó ń dùn ọ́, mo gbọ́. O ní kí n má tún bẹ̀ ọ́, mi ò ní bẹ̀ ọ́.

Lánàá mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà. Mo tò títí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Ó yẹ àwọn ìwé mi wò, ó tún wo orí funfun mi. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lọ́nà jíjìn báyẹn?"

Mo ní, "Mo fẹ́ lọ wo ọmọ mi."

"Ó bímọ ni?"

Mo ní, "Rárá."

"Ó fẹ́ ṣègbéyàwó?"

"Kò tíì sọ fún mi."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Àbí ara rẹ̀ ni kò yá?"

Mo ní, "Ara rẹ̀ le. Irin kan ló ṣe, mo fẹ́ lọ rí i."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́ irin, àbí?"

Ọmọ mi, ká ní tẹ́lẹ̀ ni, mo máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn á dùn ún gbọ́ létí àwọn tó wà lórí ìlà. Mo ní, "Rárá o. Mò ń lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ibi tó bá ní kí n dúró sí nídìí iná náà ni mo máa dúró sí."

Ó tẹ òǹtẹ̀ lé e.

Baba rẹ ni.